Mo ti so ilé ọmọ, nǹkan oṣù ò wá, ìlà méjì ló yọ

Aláṣọ Gbági · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dópin, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni mí, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn mi jáde, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Èmi àti ọkọ mi ti fọwọ́ síwèé ṣáájú pé tí wọ́n bá ti gbé ọmọ tán, kí wọ́n bá mi so ilé ọmọ pọ̀ kí wọ́n tó rán ikùn mi. Wọ́n ṣe é. Dókítà ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Àtìgbà náà, n kì í ka oṣù, n kì í lo oògùn kankan.

Ó yẹ kí n ti rí nǹkan oṣù mi láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, n ò rí i. Láti ìjẹta ni ohun kan bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò tó jóná ti ń kán, kò tó ohun tí èèyàn ń wọ páàdì sí. Ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá òsì ń gún mi. Á gún, á dáwọ́ dúró, á tún gún. Mo rò pé ibà ni, mo lo oògùn ibà. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n se agbo fún mi, mo ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán òní ni ọmọ tó ń bá mi tajà ṣàwàdà pé, "Ẹ̀yin mọ́mì yìí, ẹ lọ tọ̀ wò o." Mo ra kiní tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò ní kẹ́míìsì, mo tọ̀ sí i. Ìlà méjì! Èkejì ò mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó wà ńbẹ̀. Mo lọ ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ìlà méjì náà ni.

Ṣé ẹni tí wọ́n ti so ilé ọmọ rẹ̀ tún lè lóyún ni? Àbí kiní yẹn ti bàjẹ́? Kánò ni ọkọ mi wà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa dé. Mo ní kí n dúró dè wọ́n ná ká jọ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 8:52 alẹ́

Ọmọ mi, má dúró de ẹnikẹ́ni. Dìde nílẹ̀ báyìí, àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Obìnrin tó ti so ilé ọmọ, tí ìlà méjì yọ fún, tí ẹ̀gbẹ́ kan ń dùn ún, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀: oyún ìta ilé ọmọ la máa ń pè é títí síkáànù á fi sọ pé kì í ṣe òun. Ìyẹn lohun tí àwọn dókítà ń pè ní ectopic. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí, kò sígbà kan tí mo rí ẹni tí a tètè gbé dé tó kábàámọ̀ pé òun tètè dé.

Ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tó sì lè rí ẹ̀jẹ̀ fà sí èèyàn lára lóru, ni kó o lọ. Má lọ sí kẹ́míìsì, má sì lọ sílé agbẹ̀bí àdúgbò. Má gun ọ̀kadà, má wakọ̀ fúnra rẹ, má dá lọ. Má fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́, torí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ lálẹ́ yìí. Fi agbo yẹn sílẹ̀ níbi tó wà.

Tó o bá débẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ ni: "Mo ti so ilé ọmọ, ìlà méjì yọ, ẹ̀gbẹ́ òsì ń dùn mí." Má bẹ̀rẹ̀ látorí ibà o. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ látorí ibà, ibà ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Mú ọ̀pá méjèèjì tó o tọ̀ sí dání kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ṣé èjìká ń dùn ọ́? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ tó o bá dìde?

Aláṣọ Gbági · 8:58 alẹ́

Ẹ ṣé mà. Òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, mo rò pé torí pé n kò tíì jẹun ni. Èjìká ọ̀tún ń ro mí díẹ̀, àmọ́ mo gbé bọ́ndù aṣọ lánàá, mo gbà pé ẹrù ló fà á. Mo ti pe àbúrò mi obìnrin, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 8:59 alẹ́

Kì í ṣe ẹrù. Ẹ máa lọ.

Ìyá Mẹ́ta · 9:20 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí àwọn tó máa ka èyí lẹ́yìn ọ̀la.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n so mí ló ṣẹlẹ̀. Ọdún márùn-ún! Èmi ti gbà pé tí nǹkan kan bá máa bàjẹ́, ọdún àkọ́kọ́ ló máa bàjẹ́. Nǹkan oṣù mi wá nígbà tó yẹ kó wá, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Kò pọ̀, ọjọ́ méjì péré ló ṣe, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ orí ni, mo ti ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo fẹ́ yàgbẹ́, mo bá lọ jókòó, kò sí nǹkan kan. Mo dìde, mo tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń gbọ́ tí omi ń kán nínú bókẹ́ẹ̀tì, ló bá ń jìnnà sí mi díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ni ọmọ mi àgbà ti bá mi, ojú mi funfun bí ẹ̀kọ.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé ń pè é, gẹ́gẹ́ bíi ti ìyá ọkọ àbúrò mi òkè yìí. Dókítà ló wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn máa ń lọ kó jọ sẹ́yìn ilé ọmọ, níbi tí òun àti ọ̀nà ìgbẹ́ ti fara kanra. Bó bá ti kó jọ síbẹ̀, á máa ti ọ̀nà ìgbẹ́, á sì máa ṣe èèyàn bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́. Ẹ̀yin ará ilé wa, nígbà tí obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù bá sọ pé ikùn ń dun òun, tó ń lọ ilé ìgbẹ́ lọ-bọ̀, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí fún wákàtí kan péré.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta sí mi lára. Mo wà láàyè, mo ń kọ̀wé.

Ẹlẹ́kọ Àárọ̀ · 9:41 alẹ́

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìfètò sọ́mọ bíbí yìí, ẹ ṣọ́ra fún un. Ohun tí Ọlọ́run ṣí, wọ́n lọ fi okùn dì í. Tí kò bá so ó, ṣé èyí á ṣẹlẹ̀?

Àdúrà mi wà pẹ̀lú rẹ̀ ṣá o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 10:15 alẹ́

Ẹlẹ́kọ, ọ̀rẹ́ mi, àdúrà dáa, kí wọ́n máa gbà á nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni n kò ní jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rù ni yóò dá ba obìnrin tó nílò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé obìnrin 10,685 tí wọ́n so ilé ọmọ wọn, CREST ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1996 àti 1997. Nínú 1,000 obìnrin tó so, bíi 18 sí 19 ló lóyún láàárín ọdún mẹ́wàá. Oyún 143 ni gbogbo rẹ̀ tí wọ́n rí, 47 nínú wọn ló dúró síta ilé ọmọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta nìyẹn. Nínú oyún obìnrin tí kò so nǹkan kan, bí 1 tàbí 2 nínú 100 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: ẹni tó so ilé ọmọ kì í sábà lóyún rárá, nítorí náà tí a bá ka gbogbo wọn pọ̀, oyún ìta ilé ọmọ kò pọ̀ láàárín wọn, bí 7 nínú 1,000 ní odidi ọdún mẹ́wàá. Obìnrin tí kò fètò sí nǹkan kan, tó ń lóyún lọ́dún dé ọdún, ewu tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì: tí ẹni tó so bá wá ṣèèṣì lóyún, oyún yẹn la gbọ́dọ̀ fura sí gidi gan-an. Síso kọ́ ló sọ oyún ìta di púpọ̀. Ó ti dí ọ̀nà fún èyí tó pọ̀ jù. Nínú èyí tó bá yọ́ gbabẹ̀, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ni kì í délé. Kọ́ìlì, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ kí obìnrin má lóyún, náà rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Ìyá Mẹ́ta sọ nípa ọdún márùn-ún, òótọ́ ni. Ìwádìí kan náà fi hàn pé láti ọdún kẹrin títí dé ìkẹwàá, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún kò dín sí ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti pẹ́, kò lè jẹ́ òun.

Aṣọ-Ò-Bọ́mọyẹ́ · 10:31 alẹ́

Ẹ ṣàlàyé fún wa mà, báwo ni nǹkan tí wọ́n ti so, tí wọ́n ti gé, ṣe tún ń la? Ṣé okùn yẹn ló ń jẹrà ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 10:50 alẹ́

Ìbéèrè tó dáa. Ilé ọmọ ní túùbù méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Inú wọn ni ẹyin obìnrin ti ń pàdé ohun tó ti ara ọkùnrin wá. Èyí tí à ń ṣe jù lọ́dọ̀ wa, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, ni pé dókítà á fi ohun èlò gbé àárín túùbù sókè títí á fi ká bí ìdí abẹ́rẹ́, á so ìdí ìká náà pẹ̀lú òwú, á wá gé orí rẹ̀ sọnù. Òwú yẹn gan-an máa ń yó nínú ara, a sì fẹ́ kó yó, kí ojú méjèèjì lè fà sọ́tọ̀ kí wọ́n sì jinná ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Pomeroy ni dókítà ará Amẹ́ríkà tí ọ̀nà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ojú méjèèjì kì í gbọ́. Wọ́n á tún wá ara wọn kàn, ihò tóóró kan á là. Ohun tó ti ara ọkùnrin wá kéré gan-an, ó lè rá pálá kọjá níbẹ̀. Ẹyin tó ti di ọlẹ̀ tóbi jù ú lọ, kò ní lè gba ibẹ̀ padà sílé ọmọ, ibẹ̀ ló máa jókòó sí tí yóò máa dàgbà. Túùbù kì í sì í fẹ̀ bí ilé ọmọ. Á fà, á fà, á ya.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà: a lè fi kílíìpù dè é, a lè fi òrùka rọ́bà há a, a sì lè fi iná jó o. Kò sí èyí tí kò lè kùnà, àmọ́ wọn ò dọ́gba. Nínú ìwádìí yẹn, àwọn tí wọ́n fi iná jó tiwọn kí wọ́n tó pé 30 ló burú jù, oyún ìta ilé ọmọ tó bíi 32 nínú 1,000 láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí wọ́n so, tí wọ́n gé kété lẹ́yìn ìbímọ kò tó 2 nínú 1,000. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni ọmọ wa Aláṣọ wà. Ẹ rí i bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Ní ti èjìká tí mo bi í: ẹ̀jẹ̀ inú ikùn á kan awọ tó pààlà sáàárín ikùn àti àyà. Iṣan tó ń gbé ìròyìn awọ yẹn lọ sí ọpọlọ, ọrùn ló gbà wọlé, ibi kan náà tí ti èjìká gbà. Ọpọlọ á ṣì í gbọ́, á ní èjìká ló ń ro èèyàn.

Àbúrò Aláṣọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:35 òru

Ẹ kú ìdúró o. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn ló ní kí n kọ ọ́ síbí.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹni tó dá wa lóhùn ní ẹni tó ti so ilé ọmọ kì í lóyún, pé ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ gbólóhùn tí Nọ́ọ̀sì kọ fún wọn, ó tún un sọ, ó gbé ọ̀pá méjèèjì sórí tábìlì. Dókítà kékeré kan tó ń kọjá ló gbọ́, òun ló ní òun ò fẹ́ kí a jókòó sọ́dọ̀ wọn torí wọn ò ní ẹni tó máa ṣe síkáànù lóru, ó kọ lẹ́tà fún wa, ó ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọlọ́run á bá a ṣe é.

Níbẹ̀, wọ́n mú un wọlé lójú ẹsẹ̀. Síkáànù fi hàn pé ilé ọmọ ṣófo, nǹkan kan rìbìtì wà lápá òsì, omi sì wà lẹ́yìn ilé ọmọ, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (PCV) jẹ́ 24, ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ti ní ká lọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dé. Wọ́n ti gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ.

Ìyá Mẹ́ta · 12:41 òru

A ò ní sùn. Máa fún wa níròyìn, àbúrò.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham · 1:10 òru

Mo ń bá yín jí níbí. Nínú kí a máa dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń já sí iṣẹ́ abẹ.

Kílíìpù ni wọ́n fi dè mí níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2014. Nígbà tí nǹkan oṣù mi fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, mo tọ̀ wò kíá, torí ẹni tó de kílíìpù fún mi ti kìlọ̀ fún mi dáadáa, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìlà méjì yọ. Mo pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níbí, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú oyún tuntun, ọjọ́ kejì ni wọ́n rí mi. Ká ní mo dákú ni, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni wọn ì bá pè fún mi. Síkáànù tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe ni wọ́n lò, torí ti orí ikùn kì í ríran dáadáa tí oyún bá kéré. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 48 láti wo bí èròjà oyún ṣe ń gòkè. Ó ń gòkè, àmọ́ kò gòkè bó ṣe yẹ.

Nítorí pé kò tíì ya, tí kò tóbi, tí wọn ò sì gbọ́ ìlù ọkàn, abẹ́rẹ́ methotrexate, tí kì í jẹ́ kí oyún náà dàgbà mọ́, ni wọ́n fún mi. Ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ keje, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi di òdo. Wọ́n ní kí n má mu ọtí, kí n má lo oògùn folic acid, kí n má lo ibuprofen, kí n má sì lóyún fún oṣù mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín sí ìkẹyìn yẹn. Inú mi dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá le tàbí tí òòyì bá kọ́ mi, kí n padà wá láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Nítorí pé mo tètè tọ̀ wò ni abẹ́rẹ́ fi tó. Mo ṣì ń ka oṣù mi títí dòní, mo máa ń fi bíírò sàmì sí kàlẹ́ńdà lára ilẹ̀kùn fíríìjì.

Bàbá Ìbejì · 6:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ọkùnrin ni mí, ẹ má lé mi. Mo ní ohun kan tí ẹ̀yin obìnrin lè má sọ.

Nígbà tí ìyàwó mi pè mí pé òun lóyún, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo sanwó síso yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ti ta ni?" Mo sọ ọ́. Kò dá mi lóhùn, ó gé fóònù. Ọjọ́ méjì ni kò fi sọ fún mi pé ikùn ń dun òun, torí ojú ń tì í, inú sì ń bí i. Ọjọ́ méjì yẹn ni túùbù rẹ̀ fi ya. Nínú wọ́ọ̀dù, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi bíírò ya túùbù méjì sẹ́yìn ìwé owó, ó fi hàn mí bó ṣe ń la. Mo mú ìwé yẹn lọ sílé, ó ṣì wà nínú Bíbélì mi.

Ọkọ Aláṣọ ń bọ̀ láti Kánò. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fi èyí hàn án kó tó dé.

Àbúrò Aláṣọ · 7:20 àárọ̀

Wọ́n ti gbé e jáde láti bí aago mẹ́ta òru. Ó ti lajú, ó bi mí bóyá mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. A dúpẹ́.

Bàbá Ìbejì sà, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà á. Ó ti wọ mọ́tò.

Òní-Là-Ń-Rí · 9:02 àárọ̀

Ẹ bá mi yọ̀ fún un. Èmi náà lóyún lẹ́yìn síso, ní tèmi, inú ilé ọmọ ló wà. Ọmọ náà ti wọ kíláàsì kejì. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ síta, àmọ́ síkáànù ni mo fi mọ̀.

Oṣù Tó Ń Bọ̀ · 11:15 àárọ̀

Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ̀rù ti bà mí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ so tèmi, kì í ṣe ìgbà ìbímọ, mo kàn fẹ́ lọ ṣe é ni. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 12:20 ọ̀sán

Má fi sílẹ̀ tó bá jẹ́ pé ohun tó o fẹ́ nìyẹn. Lọ béèrè nǹkan.

Bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ, torí lọ́dún mẹ́jọ sí i ẹni tó máa tọ́jú rẹ lè má mọ ẹni tó ṣe é. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ túùbù méjèèjì kúrò pátápátá dípò kí wọ́n so wọ́n. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin ní Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn dókítà máa bá obìnrin sọ ọ́, torí ó jọ pé ó ń dín jẹjẹrẹ ilé ẹyin kù, bẹ́ẹ̀ oyún kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi jókòó sí níbi tí kò ti sí túùbù. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kò sì ṣeé dá padà. Tọ́ka sí gbogbo àrùn ojú ara àti ti abẹ́ ikùn tó ti ṣe ọ́ rí, torí èyíinì náà máa ń ba túùbù jẹ́. Kí wọ́n tó ṣe é, tọ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó o sì sọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ wá gbẹ̀yìn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n so nígbà tí oyún ọ̀sẹ̀ kan ti wà lára rẹ̀, ó wá ń pariwo pé iṣẹ́ náà ò dáa.

Bàbá Ìbejì · 12:33 ọ̀sán

Tí ọkùnrin bá ṣe tirẹ̀ ńkọ́, mà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 12:40 ọ̀sán

Ó rọrùn ju ti obìnrin lọ, abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ péré ni wọ́n ń fún un kí wọ́n tó ṣe é, wọn kì í la ikùn. Àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ bíi ti obìnrin. Oṣù mẹ́ta ni kó fi lo kọ́ńdọ̀mù, kí wọ́n wá yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ó ti parí. Ìbéèrè tó o bi mí yẹn, lọ bi ìyàwó rẹ. Yóò dùn mọ́ ọn.

Aláṣọ Gbági · Ọjọ́bọ̀, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Èmi fúnra mi rèé o. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ò tíì ṣeé ṣe pẹ̀lú ojú abẹ yìí.

Inú ọkọ̀ ni èjìká yẹn ti wá le gan-an, bí ẹni pé wọ́n gbé ọmọlọ lé mi lọ́rùn. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á tún le sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé kì í ṣe bọ́ndù aṣọ.

Dókítà tó ṣe mí ní túùbù òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya nígbà tí àwọn ṣí mi, ẹ̀jẹ̀ inú ikùn tó bíi ìgò omi ńlá kan, ó dín díẹ̀. Ó ní ojú ibi tí wọ́n ti gé mi lọ́jọ́ kìíní ti tún wọnú ara wọn, pé ihò ibẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Mo ní kó tún un sọ. Èmi tí mo ń ta aṣọ, mo mọ ojú rírán tó tú, ti inú ara ni n kò mọ̀ pé ó lè tún ara rẹ̀ rán. Ó ti bi mí kí wọ́n tó fún mi lábẹ́rẹ́ oorun bóyá kí àwọn yọ ti ọ̀tún náà, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Méjèèjì ti lọ. Wọ́n kó wọn sínú ike, wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ wọ́n wò ní láàbù.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lálẹ́. Kò bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ó jókòó, ó bó ọsàn, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán fúnra rẹ̀ torí wọn ò tíì ní kí n jẹun. Ìyá rẹ̀ pe mí lórí fóònù, wọ́n ń sunkún nítorí agbo yẹn. Mo ní wọn ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀.

Mo ní ìbéèrè méjì. Ṣé nǹkan oṣù mi á ṣì máa wá báyìí? Ọmọ ìyá mi kan ní yóò dáwọ́ dúró, pé mo ti di ọkùnrin. Èkejì, mo tún tọ̀ wò láàárọ̀ yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìlà méjì ṣì ń yọ!

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ṣe ni mo kàn ń wo fóònù láti àná. Ẹ kú ewu, ọmọ mi.

Nǹkan oṣù á máa wá. Ilé ẹyin ló ń darí rẹ̀, ilé ọmọ ló sì ti ń wá, méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Sọ fún ọmọ ìyá rẹ pé kó lọ sinmi. Ìlà kejì yẹn, èròjà oyún ló ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán. Má tọ̀ sí nǹkan kan mọ́, owó lò ń fi ṣòfò. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ ni kó o padà lọ, kí wọ́n yẹ ojú abẹ àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wò. Tí ibà bá mú ọ, tí ojú abẹ ń ṣomi tàbí tí ikùn wú, má dúró de ọjọ́ yẹn. Bọ́ndù aṣọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Wo káàdì rẹ fún mi: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Tó bá jẹ́ èyí tó ní àmì ìyọkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n fún ọ láàárín wákàtí 72, wákàtí yẹn sì ti fẹ́ẹ̀ pé.

Aláṣọ Gbági · 5:44 ìrọ̀lẹ́

Irú ẹ̀jẹ̀ O ni mà, àmì àròpọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ló kà á sí mi létí, káàdì náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sùn.